Fẹ́lọ́nì àti ìbọn ní Amẹ́ríkà: ibi tí òfin ti ń mú ènìyàn

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ àwọn tí kóòtù Amẹ́ríkà ti dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá (fẹ́lọ́nì) rí, tí òfin ní wọn ò gbọdọ̀ ní ìbọn mọ́, ni ká gbé yẹ̀ wò. Ṣé ó bójú mu àbí kò bójú mu? Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí òfin yẹn ń wò. Òfin àpapọ̀, 18 U.S.C. 922(g)(1), kì í bèèrè iye oṣù tí ènìyàn lò lẹ́wọ̀n. Iye tí adájọ́ ìbá lè fún un ló ń bèèrè. Tí ìyà tó ga jù lórí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá ti ju ọdún kan lọ, ó parí, kódà bí adájọ́ bá ní kó máa lọ sílé pẹ̀lú probation lásán, ìyẹn kí wọ́n máa ṣọ́ ọ láìwọ ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ìpínlẹ̀ bá pè ní misdemeanor, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, máa ń bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí bí ìyà rẹ̀ ò bá ju ọdún méjì lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ìwé àti ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀bẹ, ọ̀kan náà ni lójú òfin yìí. Àmọ́ ẹ gbọ́ ná: àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó bá para pọ̀ fọwọ́ dá owó ọjà, òfin yọ ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn sílẹ̀. Ẹni tó bá rí ibi tí ìyẹn ti bá ọgbọ́n mu, kó wá ṣàlàyé fún wa.

Ará Pennsylvania:
Ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Range ló fi ojú ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Lọ́dún 1995, ní ìpínlẹ̀ yìí, ọkùnrin náà gbà pé òun jẹ̀bi irọ́ lórí fọ́ọ̀mù food stamp (ìrànwọ́ oúnjẹ ìjọba), torí owó tó ń wọlé fún un kò pé nínú ohun tí wọ́n kọ. $2,458 ni wọ́n ní kó dá padà, pẹ̀lú probation ọdún mẹ́ta. Kò sun ẹ̀wọ̀n rárá. Misdemeanor ni wọ́n pe ẹ̀ṣẹ̀ náà, àmọ́ ó lè gba ọdún 5 nínú ìwé òfin, ìbọn sì di èèwọ̀ fún un. Òun ló gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Third Circuit dá a láre ní 2023. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní kí wọ́n tún un gbọ́ lẹ́yìn ìdájọ́ Rahimi ti 2024, tó jẹ́ ìdájọ́ tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ìbọn. Nígbà tó di December 2024, wọ́n tún dá a láre.

Ẹ má torí ìyẹn sáré lọ ra ìbọn o. Òun nìkan ni ìdájọ́ náà tú sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti kọ́kọ́ gba ìdájọ́ kó tó di pé ó fọwọ́ kan nǹkan kan. Lápá California, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ninth Circuit ní May 2025, nínú ẹjọ́ Duarte, ní òfin náà dúró lórí gbogbo ẹni tó ní fẹ́lọ́nì, ì báà jẹ́ ti ìwà ipá ì báà má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àyíká kóòtù tí ènìyàn ń gbé ti wá ń pinnu ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ará Maryland:
Èyí tó ń kó ìdílé sí wàhálà ni ìbọn tí kì í ṣe ti ẹni tó ti jẹ̀bi rí náà. Kò dìgbà tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ti mọ ibi tó wà, tó sì lè mú un nígbà tó bá wù ú, ẹ̀sùn ti délẹ̀. Ká ní ìyàwó ló ra ìbọn, ó tẹ̀ lé òfin, ó wá fi í sínú dúróò ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó lè máà rú òfin; ọkọ tó ti jẹ̀bi rí ti wọ gàù. Bí dandan bá ni kó wà nílé, àpótí irin ni kó wà, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí ìyàwó nìkan. Bó bá jẹ́ ti kọ́kọ́rọ́, kó má ṣe wà lórí ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí gbogbo ilé ti ń já kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Kó tilẹ̀ wà nílé ẹlòmíràn ló dára jù. Ọta náà wà nínú òfin yìí: ẹyọ kan tó yí sábẹ́ ìjókòó mọ́tò tó láti fi gbé ènìyàn, bí ìbọn ò tiẹ̀ sí nítòsí.

Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni ìyà tó ga jù fún rírú òfin yìí tẹ́lẹ̀. Òfin 2022 sọ ọ́ di 15. Ẹni tó bá ti jẹ̀bi ìwà ipá tàbí òwò oògùn olóró ńlá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 15 yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Ẹni tó ti ní ìbọn kí wọ́n tó dá a lẹ́bi ńkọ́? Ìdájọ́ Henderson tí ilé ẹjọ́ tó ga jù dá ní 2015 ní ó lè jẹ́ kí wọ́n tà á tàbí kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, bí kò bá ti ní àṣẹ lórí rẹ̀ mọ́. Kí lọ́yà bá kóòtù sọ ọ́, kí ẹlòmíràn gbé e lọ fún oníṣòwò ìbọn tó ní láísẹ́ǹsì. Kó má fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e. Fífún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó “bá a tọ́jú ẹ” ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ará Texas:
Níbí ni pàkúté wà. Òfin Texas ní, tí ọdún 5 bá ti kọjá lẹ́yìn tó jáde lẹ́wọ̀n tàbí tó parí parole (ìdásílẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́), èyí tó bá gbẹ̀yìn, ènìyàn lè ní ìbọn nínú ilé rẹ̀. Òótọ́ ni. Òfin àpapọ̀ ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ lè máà mú un, kí ti ìjọba àpapọ̀ wá gbé e lọ.

Fún ẹ̀sùn ìpínlẹ̀, ohun tó ń tú ènìyàn sílẹ̀ ni ìdáríjì gómìnà, kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà rẹ́, tàbí kí wọ́n dá ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú padà fún un. Kó ka ìwé náà dé ìlà ìgbẹ̀yìn. Bí ìlà kan bá ní kò gbọdọ̀ ní ìbọn, ìwé yẹn ò ràn án lọ́wọ́. Ìdájọ́ Caron ti 1998 le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ìpínlẹ̀ bá gbà á láyè irú ìbọn kan tó sì ka òmíràn léèwọ̀, òfin àpapọ̀ ka gbogbo rẹ̀ léèwọ̀. Bó bá jẹ́ kóòtù ìjọba àpapọ̀ ló dá a lẹ́bi, gómìnà ò lè ṣe nǹkan kan, ọwọ́ ààrẹ ló wà. Ọ̀nà kan tún wà nínú òfin, 925(c), tí ATF, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, yẹ kó máa gba ìwé ẹ̀bẹ̀ ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀tọ́ ìbọn rẹ̀ padà. Láti 1992 ni Kọ́ńgrẹ́ẹ̀sì ti ní wọn ò gbọdọ̀ ná kọ́bọ̀ lórí ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn wà, wọ́n kàn kàn án pa. Ní 2025 ni ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ ATF, tí wọ́n sì gbé ìlànà tuntun síta fún un.

Ará New York:
Fún àwa tí a wá láti ilé: ìdájọ́ Small ti 2005 ní ẹ̀bi tí kóòtù ilẹ̀ òkèèrè dá ènìyàn kì í wọ inú òfin yìí. Nítorí náà ẹjọ́ Ìkẹjà tàbí ti Ìbàdàn kì í ṣe fẹ́lọ́nì lójú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò, èèwọ̀ mìíràn wà fún un, àfi bó bá ní ìwé àṣẹ ọdẹ tàbí irú rẹ̀. Ẹni tó ní green card lè rà. Tó bá wá jẹ̀bi 922(g)(1) pẹ́nrẹ́n, aggravated felony, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ tó burú jù, ni wọ́n ń pè é ní kóòtù àwọn àlejò. Ẹ̀wọ̀n ni yóò kọ́kọ́ ṣe, kí wọ́n tó wá dá a padà sílé. Lọ́yà tó bá ń bá a dúnàádúrà lórí ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó ní kó fọwọ́ sí i.

Lórí fọ́ọ̀mù 4473 tí ẹni tó fẹ́ ra ìbọn ń kọ nílé ìtajà, kó má parọ́. Ìbéèrè náà sọ ọ́ kedere pé iye tí adájọ́ lè fún ni là ń bèèrè. Irọ́ níbẹ̀ lè gba ọdún 10 lọ́tọ̀.

Ará London:
Tiwa níbí, iye tí wọ́n dá fún ènìyàn gan-an ni wọ́n ń wò. Òfin ìbọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1968, abala 21: ẹ̀wọ̀n ọdún 3 sókè, ìbọn di èèwọ̀ títí ayé; oṣù 3 sí ohun tí kò tó ọdún 3, èèwọ̀ náà jẹ́ ọdún 5 lẹ́yìn tó bá jáde. Ó sì lè lọ bẹ kóòtù tí wọ́n ń pè ní Crown Court kí wọ́n mú èèwọ̀ náà kúrò. Òfin ìbọn ti Nàìjíríà ti 1959 tún wo irú ẹ̀ṣẹ̀: wọn kì í fún ẹni tó ti jẹ̀bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 ní láísẹ́ǹsì. Èmi ò rí ìdí tí Amẹ́ríkà ò fi lè ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ará Texas:
Ẹ̀gbọ́n, ó kù kan. Ṣakabùlà. Ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú, àti irú èyí tí wọ́n ń ki ẹ̀tù láti ẹnu, òfin àpapọ̀ ò kà á sí ìbọn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan kà á sí. Kó bèèrè ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀ kó tó gbé e lọ sígbó ọdẹ.

Ará London:
Àwọn tibí ti dí ihò yẹn láti 2014.