Ìmọ̀ ni àbí sáyẹ́ǹsì? Lórí orúkọ tí a ó fún sọsiọ́lọ́jì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Òṣogbo ni mo ti ń kọ̀wé.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká má fi "ìmọ̀ ìjìnlẹ̀" ṣáájú orúkọ sọsiọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa bí èèyàn ṣe ń gbé pọ̀ láwùjọ, nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa, pé ti físíìsì àti kẹ́mísírì nìyẹn, pé "ẹ̀kọ́ àwùjọ" ti tó o. Àwọn kan dá wọn lóhùn pé rárá, "sáyẹ́ǹsì àwùjọ" ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gba tiyín, mi ò sì gba tiwọn.

Ìjà àwọn Gẹ̀ẹ́sì la gbé kọ́rùn. Àwọn ará Jámánì ò ní wàhálà yìí: Wissenschaft, ọ̀rọ̀ tiwọn fún ìmọ̀, gba físíìsì, ó gba ìtàn, ó gba òfin. Gẹ̀ẹ́sì ló há "science" mọ́ yàrá àyẹ̀wò. "Scientist" gan-an, ọdún 1834 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn nínú ìwé. "Ìmọ̀" tiwa fẹ̀ bíi ti Jámánì. Ta ló ní ká gé e kúrú?

Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ pàápàá, ìbínú ló fi sọ ọ́. Físíìsì àwùjọ ni Auguste Comte, ará Faransé, kọ́kọ́ ń pè é. Nígbà tí Quetelet, ará Bẹ́ljíọ̀mù, mú orúkọ yẹn fún iṣẹ́ ìṣirò tirẹ̀, Comte fara ya, ó lẹ Látìn mọ́ Gíríìkì, ó gbé "sociologie" jáde ní 1839.

Èyí tí mo ń wò kí n tó pe ọ̀rọ̀ kan ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni pé, ṣé a lè ká irọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́? Ní 1897, Durkheim, onímọ̀ sọsiọ́lọ́jì ará Faransé, ní àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ń pa ara wọn ju àwọn Kátólíìkì lọ, nítorí pé ìjọ tiwọn ò di ọmọ ìjọ mú tó ti Kátólíìkì. Àwọn tó dé lẹ́yìn bi í pé: ta ló kọ àkọsílẹ̀ ikú yẹn? Níbi tí pípa ara ẹni bá ti jẹ́ ẹ̀gbin ńlá, ṣé wọn ò ní fi orúkọ mìíràn bo irú ikú bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó ṣeé mú báyìí, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni lójú tèmi. Aláró ò ní yàrá àyẹ̀wò, ahọ́n ló fi ń tọ́ omi aró wò.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò ní ọjà tiwa. Ìyàwó mi ń dá àjọ pẹ̀lú àwọn aláta ní ọjà Ìgbọ́nà, àwọn méjìlá. Mo bi wọ́n pé ta ló máa ń kó kẹ́yìn. Wọ́n ní ẹni tí wọn ò mọ ilé ẹ̀ ni. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ìyá kan tó ń ṣa ata tó ti jẹrà sọ́tọ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè: "Tó bá kó ṣáájú tó sá, ṣé Ọ̀ṣun la fẹ́ lọ bi léèrè ẹ̀?" Àbá mi ni pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú àjọ níbòmíràn. Ẹ béèrè ní ọjà tiyín. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, àbá mi wó nìyẹn.

Ó ku orúkọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akiwowo, onímọ̀ sọsiọ́lọ́jì ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà kan, fa "àsùwàdà", ọ̀rọ̀ nípa bí ohun gbogbo ṣe ń péjọ wà pọ̀, yọ láti inú àyájọ́ kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn bá a jiyàn gan-an lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Mo pè é sí ìyàwó mi létí, ó ní ṣé orúkọ oògùn ni. "Ìbágbépọ̀" ńkọ́? Òórùn àlàáfíà ti pọ̀ jù lára ẹ̀. Ṣùgbọ́n Akiwowo kan náà ló sọ̀rọ̀ lórí àjọbí àti àjọgbé, àwọn tó sì jọ ń gbé máa ń jà. "Ìmọ̀ àjọgbé" ni mo fi sílẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé kò gba ọjà àti ibi iṣẹ́, níbi tí a kì í sùn, kó sọ ọ́. Ibẹ̀ ló ṣì ń dùn mí.