Kànáà, odò àtọwọ́dá, àbí yàrà ọkọ̀?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àjọrò o.

Ẹ̀gbọ́n wa béèrè bí a ṣe máa sọ ọ́ ní Yorùbá pé èèyàn wà lẹ́nu ìsinmi, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn jẹ́jẹ́ lẹ́bàá "canal", ìyẹn ojú omi gbọọrọ tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ kí ọkọ̀ lè máa gbà á. Ìdáhùn méjì ló ti wọlé: "ṣíṣeré lẹ́bàá kànáà" àti "ìgbafẹ́ etí odò àtọwọ́dá". N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹni tó bá ti gbé Èkó rí mọ ohun tí "kànáà" ń gbé wá síni lọ́kàn: gọ́tà ńlá oníkọnkéré tí òjò ń gbá pàǹtírí gbà lọ sínú ọ̀sà. Bí mo bá sọ fún ìyá mi pé etí kànáà ni mo ti lọ gbatẹ́gùn, wọn á bi mí pé kí ló gbé mi débẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti níṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ jẹ́ kó máa ṣe é lọ.

"Odò àtọwọ́dá" ló ṣòro fún mi láti kọ̀, nítorí ó dùn létí. Ṣùgbọ́n odò ní orísun, ó sì ń ṣàn; ìdí nìyẹn tí a fi ń ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Nígbà ìsinmi mi ní London, mo rìn létí Regent's Canal láti Little Venice dé Camden, bíi kìlómítà 4. Mo ju ewé kan sómi, mo jókòó jẹun tán, ewé yẹn kò tíì kúrò lójú kan. Ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ni. Wọ́n ṣí apá tí mo rìn yìí ní 1816, ìyókù dé Limehouse ní 1820. Wọ́n jẹ́ kó tẹ́jú pẹrẹsẹ kí ọkọ̀ ẹrù má baà bá omi jà, òun náà ló sì jẹ́ kí ìrìn ibẹ̀ tu ẹsẹ̀ lára: kò sí òkè tí à ń gùn.

Ohun tí a bá gbẹ́ gbọọrọ báyìí, Yorùbá ti sọ ọ́ lórúkọ tipẹ́: yàrà. Ẹlòmíì á ní ti ogun ni yàrà, pé odi àti yàrà ni wọ́n fi ń lé ọ̀tá sẹ́yìn. Òótọ́ ni. Nítorí náà ni mo ṣe fi iṣẹ́ rẹ̀ kún un: yàrà ọkọ̀.

Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? "Etí omi" kò tó. Ẹṣin ló ń gba ibẹ̀ kọjá láyé ìgbà yẹn, tó ń fi okùn fa ọkọ̀. Lábẹ́ afárá Macclesfield, tó wà lórí Regent's Canal yìí kan náà, okùn ti gé ojú sára àwọn òpó irin. Ní 1874, ọkọ̀ kan tó ru ẹ̀tù bú gbàmù níbẹ̀, afárá wó. Nígbà tí wọ́n tún un kọ́, wọ́n yí àwọn òpó náà padà, okùn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo ti ìka bọ ojú àpá yẹn, ó gbà á. Ọ̀nà ìfakọ̀ ni kí á pè é. (Nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ Maida Hill, kò sí ọ̀nà ìfakọ̀ rárá. Ẹṣin á gba orí ilẹ̀, àwọn atukọ̀ á dùbúlẹ̀, wọn á fi ẹsẹ̀ ti ògiri títí ọkọ̀ á fi jáde.)

Ní ti ìrìn fúnra rẹ̀, "ìgbafẹ́" kò burú, ṣùgbọ́n èèyàn lè jókòó sójú kan gbafẹ́. "Nàjú" ló wù mí. Ẹni tó ń nàjú ń rìn, ojú rẹ̀ sì ń rìn pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹnìkan tún dábàá "àgádágodo omi" fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "lock", ibi tí ọkọ̀ ti ń gòkè, irú èyí tó wà ní Camden. Rárá o! Ọkọ̀ á wọlé, ìlẹ̀kùn á tì lẹ́yìn rẹ̀, omi á rọ́ wọlé, ọkọ̀ á sì ga sókè dé ìpele kejì. Àkàsọ̀ omi nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ tí ẹ ti ń tukọ̀ láti kékeré, ẹ̀yin ni mo ń dúró dè. Ọ̀nà tí ẹ bá là nínú ẹrẹ̀ kí ọkọ̀ lè gbà á kọjá, kí ni ẹ̀ ń pè é nílé?