Àfàlá, ìyá Àjàyí Crowther

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther pọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni a mọ̀ nípa Àfàlá, ìyá tó bí i?

Ìdáhùn: Ìyàwó ahunṣọ ni ní Òṣogùn, kí àwọn akónilẹ́rú tó pa ìlú náà run ní 1821, tí wọ́n sì kó òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Abẹ́òkúta ni Àjàyí ti tún fojú kàn án ní 1846.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, sà. Ní 1848 ni ó ṣe ìrìbọmi, tí ó di Hánnà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Lójú tèmi, kò sí orúkọ tó tún yẹ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdáhùn: 1883 ni ó kú, ó sì wà láàyè nígbà tí ọmọ náà di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.