Ṣé Badagry ni ọkọ̀ Clotilda ti gbéra?

Ọmọ Marina: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mo máa ń mú àlejò yí ìlú ká níbí ní Badagry. Lánàá, mo fi ọkọ̀ ojú omi gbé màmá kan tó wá láti Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, lọ sí Gberefu. A dé ìdí kànga tí wọ́n ní àwọn ẹrú máa ń mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Màmá ò mu ún, ìka kan ṣoṣo ni wọ́n tì bọ omi náà. Wọ́n ní, "Ṣé ibí ni Clotilda ti kó wọn?" Èmi tí mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ni omi bá lé róró sí wọn lójú. Mi ò rí oorun sùn. Ta ló mọ òótọ́ rẹ̀?

Bàbá Tíṣà: O ṣì í sọ, ọmọ mi. Ouidah ni Clotilda, ọkọ̀ akẹ́rú yẹn, ti gbéra, ní ilẹ̀ Dahomey tó di orílẹ̀-èdè Benin lónìí, lọ́dún 1860. Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti 1808, àmọ́ olówó kan ní Mobile, Timothy Meaher, ló rán ọ̀gákọ̀ William Foster níṣẹ́. Èèyàn bí 110 ló kó bọ̀. Òru ni wọ́n wọlé, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí ọwọ́ ìjọba má baà tẹ̀ wọ́n. Ọdún 2019 ni wọ́n tó kéde pé àwọn ti rí àfọ́kù rẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù: nígbà tí àwọn ẹrú náà dòmìnira, wọ́n fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ ò ká a. Wọ́n ní kí Meaher fún àwọn nílẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n bá ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní kí wọ́n lọ kó wọn wá! Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Africatown.

Ìyá Àgbọn: Bàbá, ẹ kú làákàyè. Yorùbá apá orílẹ̀-èdè Benin wà lára wọn o. Kossola, ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n sọ ní Cudjo Lewis, ọdún 1935 ló tó kú.

Dèjì Agbálátà: Alabama yìí náà kọ́ ni Rosa Parks ti kọ̀ tí kò dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì, ní Montgomery, December 1955? Ọjọ́ 381 làwọn èèyàn dúdú ò fi wọ bọ́ọ̀sì. Èmi rèé, láti ọjà dé ràńdábáọ̀tù, ọ̀kadà ni.

Ọmọ Marina: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti lọ jẹ́wọ́ fún màmá ní hòtẹ́ẹ̀lì. Wọn ò bínú. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá dẹ́rẹ́bà tó gbọ́ Faransé, àwọn fẹ́ gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Ouidah lọ́la. Ẹ bá mi wá a, èyí tí kì í purọ́ bíi tèmi o.