Fáìlì tí ClamAV bá mú: àtìmọ́lé ni, kì í ṣe ìyàsọ́tọ̀

Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá dábàá pé, nínú ìtọ́ni tí a ń kọ lórí bí a ṣe ń gbé ClamAV (ètò tó ń wá fáírọ́ọ̀sì inú kọ̀ǹpútà) sórí Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), kí a máa pe quarantine, ìyẹn kíkó fáìlì tí a fura sí lọ sí ibi tirẹ̀, ní "ìyàsọ́tọ̀". Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n, n kò fara mọ́ ọn.

Ní Òṣogbo níbí, bí ẹ bá sọ fún ọmọ tó ń tẹ̀wé fún èèyàn ní Òkè-Fìà pé a ti ya fáìlì rẹ̀ sọ́tọ̀, á rò pé a ti gbàdúrà sí i ni. Ṣọ́ọ̀ṣì ti gba ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ wa. "Ìsémọ́lé" náà kò bá a mu. Ní 2020, Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé, àti ẹni tó ní in àti ẹni tí kò ní. Fáìlì tí à ń wí yìí, a fura sí i ni.

Ẹ wo ohun tí ClamAV ń ṣe gan-an. Tí a bá ti fi "sudo apt install clamav" gbé e sórí kọ̀ǹpútà ("gbé sórí" náà tó fún install jàre, gbogbo ayé ló ń sọ ọ́), freshclam tó bá a wá á lọ kó àmì ìdánimọ̀ àwọn fáírọ́ọ̀sì wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì; tí a bá sì pa àṣẹ clamscan, á máa yẹ fáìlì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi EICAR dán an wò, ìyẹn fáìlì ìdánwò tí kò ju lẹ́tà àti àmì 68 lọ, tí kò sì lè pa nǹkan kan lára. Clamscan kọ FOUND sí ìparí ìlà tí orúkọ rẹ̀ wà, ó sì fi í sílẹ̀ níbi tó bá a! Àfi tí a bá fi --move kún àṣẹ náà, tí fódà tó máa gbé e lọ sì ti wà nílẹ̀. --remove ló ń pa á rẹ́, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, torí ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé fáìlì aláìṣẹ̀ ló mú.

Ìdí tí mo fi ní "àtìmọ́lé" nìyẹn. Ẹni tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n fún ti jẹ̀bi tán. Ẹni tó wà ní àtìmọ́lé, ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Tí a bá sì gbà á, "ìtúsílẹ̀" ti wà fún restore (dídá fáìlì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀), a ò ní láti tún rọ òmíràn. (Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní béèlì, ẹ̀rín ni màá fi dá a lóhùn.)

Ibi tí ẹ ti lè mú mi ni pé fódà tí --move ń kó fáìlì sí kò ní kọ́kọ́rọ́. Bí fáìlì ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe wà níbẹ̀, ẹni tó bá débẹ̀ lè ṣí i. Àtìmọ́lé wo ni kò ní àgádágodo? Mo dábàá pé kí ìtọ́ni wa sọ fún òǹkàwé pé kó fi chmod (àṣẹ tó ń sọ ẹni tó lè ṣí fáìlì tàbí fódà) ti fódà náà mọ́ ẹlòmíràn.

"Àmì ìdánimọ̀" tí mo lò fún signature ńkọ́? Tí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kó fi ránṣẹ́ kí ìwé náà tó jáde.