Ta ni ó mọ onímọ̀ oúnjẹ tí ó lè ran àbúrò mi lọ́wọ́ ní Ìkòròdú?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 17, ti rù kan egungun, síbẹ̀ ẹ̀rù sísanra kò jẹ́ kí ó jẹun. Bí a bá sì bẹ̀ ẹ́ títí tí ó fi jẹ ẹ̀bà díẹ̀, yóò yọ́ lọ bì í. Àwọn kan ní kí a fipá bọ́ ọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ púpọ̀ lójijì lè ṣe ọkàn ẹni tí kò ti jẹun dáadáa fún ìgbà pípẹ́ ní jàǹbá. Ǹjẹ́ ẹ mọ onímọ̀ oúnjẹ tí ó ń bá dókítà ọpọlọ ṣiṣẹ́ pọ̀, nítòsí wa tàbí ní Ìkẹjà? Kí ni a lè máa sọ fún un nídìí oúnjẹ tí kò ní dójú tì í?