Kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù mi ń yọ̀, bẹ́ẹ̀ ni fíríì ń ṣòro rí mú: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò?

Arìnnàjò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Alùpùpù mi jẹ́ 150cc, ó ní jíà márùn-ún, wáyà ni ó sì ń fa kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, n kì í rí fíríì (ipò tí ọkọ̀ kò sí lórí jíà kankan) mú nígbà tí mo bá dúró. Ó máa ń fò ó láti jíà kìíní bọ́ sí ìkejì, bí mo bá sì fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì dé òpin, ọkọ̀ náà ṣì máa ń fẹ́ yọ́ lọ síwájú. Mẹkáníìkì kan mú wáyà náà le sí i, fíríì sì rọrùn díẹ̀. Láti ìgbà náà ni òmíràn ti dé: bí mo bá ń gun òkè tàbí tí mo gbé èèyàn sẹ́yìn, ariwo ẹ́ńjìnnì a ròkè, ṣùgbọ́n eré kì í pọ̀ sí i. Mẹkáníìkì náà ní kí n pààrọ̀ gbogbo pléètì kílọ́ọ̀ṣì. Ṣé ọ̀nà wà tí mo fi lè mọ ibi tí àìsàn náà wà kí a tó tú ẹ́ńjìnnì?

Alátùn-únṣe:
Ẹ ṣeun tí ẹ to ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí bí ó ṣe tẹ̀ léra ni ó tú àṣírí rẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì lè máa yọ̀, ìyẹn ni pé àwọn pléètì kò di ara wọn mú tó láti gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà ẹ̀yìn; ó sì lè má tú tán, kí àwọn pléètì ṣì máa fa ara wọn nígbà tí ẹ ti fa ọwọ́ rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ẹ kọ́kọ́ rí. Ní ti ìyọ̀, ó jọ pé ìtọ́jú tí wọ́n ṣe ni ó bí i, nítorí wáyà tó bá le jù kì í jẹ́ kí àwọn sípíríǹgì tẹ pléètì pọ̀ tán.

Nítorí náà, ẹ wo àyè tó wà lára ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù oníwáyà, ẹnu ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ lè rìn tó mílímítà 10 sí 20 kí wáyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, àmọ́ ìwé ọkọ̀ yín ni ó ní àṣẹ lórí iye yẹn. Ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún àti sósì pátápátá bí ẹ ti ń wò ó, nítorí wáyà tí wọ́n gbé gba ibi tí kò yẹ a máa le bí ọwọ́ bá ti yí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ojú ọ̀nà tó tẹ́jú tó sì dá, kí ẹ rọra máa lọ lórí jíà kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kí ẹ wá fún un níná gidi. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá dá ṣáká, ẹ́ńjìnnì yóò kùn, eré yóò sì máa gorí eré. Bí ẹ́ńjìnnì bá han lójijì tí eré kò tẹ̀ lé e, ó ṣì ń yọ̀. Ẹ má ṣe é léraléra o, ìyọ̀ yẹn gan-an ni ó ń jó pléètì.

Awakọ̀-Jẹ́jẹ́:
Irú ọ́ìlì wo ni ẹ ń lò? Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni kílọ́ọ̀ṣì ọ̀pọ̀ jù lọ alùpùpù ń gbé. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan ní èròjà tó ń dín ìfarakínra kù kí epo bẹntiróòlù má ba à tètè tán, èyí sì lè mú kí pléètì máa yọ̀. JASO MA, MA1 tàbí MA2 (àmì òṣùwọ̀n ọ́ìlì alùpùpù) ni kí ẹ wá lára ike rẹ̀. JASO MB kò wà fún irú kílọ́ọ̀ṣì yín. Àwọn skútà tí kílọ́ọ̀ṣì wọn gbẹ ni ó bá mu.

Ọ̀jáfáfá:
Ọ́ìlì kọ́ ni n óò kọ́kọ́ fura sí, níwọ̀n bí ìyọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n fọwọ́ kan wáyà. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni a kò tíì rí ìdí rẹ̀, yóò sì padà wá bí ẹ bá ti dá àyè ọwọ́ náà padà sí bó ṣe yẹ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ẹ pa á, kí ẹ wá fíríì. Bí ó bá wọlé wẹ́rẹ́, tí ó sì jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nìkan ni ó ń ṣagídí, kílọ́ọ̀ṣì ni kò tú tán. Bí ó bá ń ṣagídí nígbà méjèèjì, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ yẹ jíà fúnra rẹ̀ wò.

Ẹ tú wáyà kúrò lára ọwọ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún nídìí orí rẹ̀ tó rí rogodo. Ibẹ̀ ni àwọn fọ́nrán irin inú rẹ̀ ti máa ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó kù a sì máa nà nígbà tí ẹ bá fà á. Ẹ fi ìka wo ihò tí nọ́ọ̀tì ọwọ́ náà gbà kọjá pẹ̀lú. Bí ó bá ti jẹ di gbọọrọ, apá kan ìfà yín ń ṣòfò níbẹ̀.

Arìnnàjò:
Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì kò ní àyè kankan rárá. Mo dá a padà sí mílímítà 15, ìyọ̀ náà sì dáwọ́ dúró, títí kan orí òkè. JASO MA2 ni ọ́ìlì rẹ̀. Fíríì tún ti ń ṣòro, àmọ́ ó ń wọlé wẹ́rẹ́ bí mo bá pa ẹ́ńjìnnì. Mo rí fọ́nrán tó ti já nídìí orí wáyà, n óò pààrọ̀ rẹ̀.

Alátùn-únṣe:
Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí wáyà tuntun kò bá yanjú rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ óò ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo àwọn irin tó yọ bí ìka lára ilé tí pléètì jókòó sí kí ẹ tó ra pléètì kankan: bí etí pléètì bá ti gé ojú wọn, yóò máa há sínú ibi tó gé náà, pléètì tuntun kò sì ní wo ìyẹn sàn. Ẹ gbé àwọn pléètì onírin lé orí gíláàsì tó tẹ́jú. Èyí tí abẹ ìwọ̀n (irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí a fi ń wọn àlàfo) bá lè wọ abẹ́ rẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ gbà láàyè ti tẹ̀, ẹ yọ ọ́ sọnù. Bí ó bá di pé ẹ ra pléètì tuntun, ẹ rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì kí ẹ tó tò ó.